Ilé Ni A Ti Í Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Awakọ̀ Akẹ́rù ní Òkè Èkìtì

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin olówó ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa kàn ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ìyá ilé má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí pé nígbà tí ọkọ̀ bá dákú sójú ọ̀nà, ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan kọ́ ni ìyà ń jẹ.

Ilẹ̀ Èkìtì kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Òkìtì ni orúkọ rẹ̀ ń sọ. Ẹni tí ó bá di ẹrù ní Ìfàkì, tí ó gba Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé kọjá lọ sí Ọ̀múò àti Kàbbà, mọ bí ẹ̀rọ ti í kérora nígbà tí a bá ń gun òkè, àti bí bíréèkì ti í gbóná nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni fún ẹni tí ó gba Ìdó lọ sí Ọ̀tùn. Iṣu àti pákó lè dúró de mẹkáníìkì. Tòmátì kò lè dúró.

Láyé àtijọ́, bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ awakọ̀ lọ́nà, a tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀, a sì sùn. Ọ̀ràn ti yí padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2024, àwọn oníbọn pa ọba aládé méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn, lójú ọ̀nà ní agbègbè Ìpaò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Nítorí náà, wákàtí kan tí a bá gé kúrò nínú ìdúró wa lẹ́bàá igbó lè gba ẹ̀mí là.

Kí ni ó yẹ kí ó wà nínú àpótí? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí táyà. Kí táyà ìpààrọ̀ wà, kí afẹ́fẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Kí jáàkì jẹ́ èyí tí ó lè gbé ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kí pákó nípọn wà tí a ó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀bá ọ̀nà a máa rọ̀ lẹ́yìn òjò. Kí sípánà táyà ní páìpù gígùn tí a ó fi fà á, kí wẹ́ẹ̀jì méjì sì wà lọ́wọ́ ọmọ ọkọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lára táyà: bí ó bá jẹ́ 1423, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Bí ọ̀kan nínú táyà méjì tí ó wà pọ̀ lẹ́yìn bá jò, ẹ má ṣe wí pé èkejì yóò gbé wa délé. Ẹrù ẹni méjì ni ó ń rù, yóò gbóná, yóò sì bẹ́. Rímù tí ó ní òrùka irin, ẹ má ṣe fọn ọ́n lójú ọ̀nà. Òrùka náà lè fò yọ, kí ó sì pa ènìyàn.

Lẹ́yìn táyà ni omi. Ẹ ní fáànì bẹ́líìtì tuntun, ọ́ọ̀sì rédíétọ̀ pẹ̀lú kílíìpù rẹ̀, àti kẹ́ẹ̀gì omi kan. Bí rédíétọ̀ bá ń hó, kí a pa ẹ̀rọ, kí a dúró títí yóò fi tutù, kí a tó ṣí ìdérí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú ni omi gbígbóná ti bó.

Ní ti ẹ̀rọ dízẹ́ẹ̀lì, ẹ mú fílítà kan lọ́wọ́. Bí epo bá tán pátápátá, afẹ́fẹ́ a wọ inú páìpù, ẹ̀rọ kò sì ní dáhùn bí a tilẹ̀ rọ epo tuntun. Kí a tú nọ́ọ̀tì ìtú-afẹ́fẹ́ orí fílítà díẹ̀, kí a máa fi ọwọ́ fún epo wá títí kò fi ní hó mọ́, kí a sì dì í padà. Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì ń gba ọjọ́ kan là.

Ti iná ńkọ́? Fíúùsì, gílóòbù, wáyà díẹ̀, téèpù àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ó fi ìṣó dípò fíúùsì ti fi iná sábẹ́ ìjókòó ara rẹ̀. Ní ti bíréèkì, ọkọ̀ ńlá a máa ti ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá tán. Ẹ lè pààrọ̀ ọ́ọ̀sì tí ó já, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi òòlù tú ìdè náà lórí òkè; ẹ ránṣẹ́ pe ọ̀gá mẹkáníìkì.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, a máa mú ẹni tí kò ní àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta àti ohun ìpaná. Kì í ṣe ìyọlẹ́nu lásán. Ọkọ̀ tí ó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń rìn ju mítà 20 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí a tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti kọjá mítà 60. Nítorí náà, ẹ gbé àmì náà jìnnà, pàápàá lẹ́yìn ìkọ́rọ̀ àti orí òkè. Ewéko tí a já sójú ọ̀nà kì í tàn lóru. Òkúta tí a fi há táyà, ẹ gbé e kúrò kí ẹ tó lọ. Ọmọ ẹlòmíràn ń bọ̀ lórí ọ̀kadà.

Ọ̀rọ̀ wa kù sọ́dọ̀ ẹ̀yin olówó ọkọ̀. Ẹ ń retí owó yín ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sì ń wí pé, “Bí ó bá bàjẹ́, kí ó pè mí.” Fóònù kì í gbà ní gbogbo kòtò. Owó bẹ́líìtì kan kéré sí èrè ọjọ́ kan tí ó sọnù. Ẹ̀yin ni kí ẹ ra ohun èlò. Awakọ̀ ni kí ó pa á mọ́, kí ó má sì tà á nígbà tí owó bá dínkù nílé.

Ìtàn so Ògún mọ́ Ìrè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́. Irin kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ìyá ilé, kí bàbá tó jáde lọ di ẹrù, ẹ bi í léèrè pé, “Ṣé àpótí pé?” Bí ó bá pé, ẹ kí i pé kí ó lọ ire, kí ó bọ̀ ire.