Oògùn Olóró Inú Odò Ń Sọ Ẹran Oníkarahun Di Àgàn

Bí oògùn olóró bá dà sódò, òkú ẹja tó léfòó ni gbogbo wa máa ń wá. Bí a kò bá rí i, a ó ní omi náà dára. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko létí odò, ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin tí ẹ ń pọn omi odò lò, ewu kan wà tí kì í fi òkú hàn.

Ẹ wo ẹran odò oníkarahun méjì, èyí tó máa ń ri ara rẹ̀ mọ́ iyanrìn. Kì í lé oúnjẹ kiri. Omi ló ń fà wọnú, tó ń sẹ́, tó sì ń tú jáde. Bó ṣe ń sẹ́ oúnjẹ ló ń sẹ́ májèlé mọ́ ọn: bàbà, òjé, oògùn apakoríko, títí kan oògùn tí àwa èèyàn lò tó bá ìtọ̀ wa jáde. Kò sì lè sá.

Inú omi yìí kan náà ló ti ń bímọ. Akọ á tú àtọ̀ sódò, abo á fà á wọlé bó ti ń mí, ẹyin á di ọmọ nínú ẹ̀yà tó fi ń mí. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ náà á lẹ̀ mọ́ lẹbẹ ẹja fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó já bọ́ sísàlẹ̀ odò.

Ní odò Saint Lawrence ní Kánádà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ irú kan tó ń jẹ́ Elliptio complanata wò, nítòsí ibi tí omi ìdọ̀tí ìlú Montreal ti ń wọ odò. Àbájáde wọn jáde lọ́dún 2011. Lókè odò, nǹkan bí 30 nínú 100 ló jẹ́ abo. Nísàlẹ̀ ibi tí omi ìdọ̀tí ti wọlé, ó di nǹkan bí 80. Omi tí wọ́n tilẹ̀ ti sẹ́ kí wọ́n tó dà á sódò ni o! Èròjà oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti ti ọṣẹ ìfọṣọ kan máa ń wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ bíi họ́mọ̀nù abo.

Bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá gé ẹ̀yà ìbímọ ẹran tí májèlé ti bà jẹ́ ní pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì fi maikirosikóòpù wò ó, wọ́n lè rí ẹyin tó rọ kó tó gbó, tàbí kí àyè àtọ̀ ṣófo. Ẹyọ kan kò tó ṣèdájọ́, torí kòkòrò àfòmọ́ náà máa ń jẹ ẹ̀yà yìí. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó, láti òkè odò àti ìsàlẹ̀.

Ohun tó dùn wá jù ni pé òmíràn nínú wọn ń lò ju 30 ọdún lọ láyé. Àwọn àgbà lè kún odò bámúbámú láìsí ọmọ kan láàárín wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì fura.

A bẹ̀ yín, ẹ má fọ ẹ̀rọ ìfínko sódò. Ẹ ṣan ike oògùn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ da omi ìṣanú náà padà sínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì fín in sóko. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ Gamalin pẹja: òfin ti kà á léèwọ̀. Ọ́ìlì mọ́tò tó ti jó kò gbọ́dọ̀ wọ gọ́tà. Oògùn tó ti kọjá àkókò, ẹ bi ilé ìwòsàn yín bí ẹ ó ṣe kó o dànù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣa oníkarahun jẹ, síse á pa kòkòrò àìsàn, ṣùgbọ́n kò lè lé òjé jáde nínú ẹran. Ẹ má ṣà á nísàlẹ̀ ibi tí gọ́tà ìlú, ilé iṣẹ́ tàbí ibi ìwakùsà ti ń da omi sódò, pàápàá bí aláboyún tàbí ọmọdé bá máa jẹ nínú rẹ̀.