Ọkọ̀ Dísẹ́ẹ̀lì Tó Ń Mu Ọ́ìlì: Ṣé Ẹ́ńjìnì Rẹ̀ Ti Kú Ni?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti bá ìgbésí ayé ọmọ ènìyàn mu, bẹ́ẹ̀ náà ló bá ọkọ̀ mu, pàápàá jù lọ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni òbí àwọn kan nínú wa fi ń wá owó ilé ìwé. Irú rẹ̀ náà ni a máa ń wọ̀ nígbà tí ìsinmi bá dé, tí a ó gba Ahoada, Patani, Ughelli àti Warri dé Benin, kí á tó kọjú sí Ọ̀rẹ̀. Láti Port Harcourt dé Èkó tó nǹkan bí 600 kìlómítà. Ẹ́ńjìnì tó bá dákẹ́ lójú ọ̀nà yìí lálẹ́ kò ba owó nìkan jẹ́, ó lè fi ẹ̀mí èrò inú ọkọ̀ wewu.

Ìbéèrè tí àwọn onímọ́tò sábà máa ń bi mẹkáníìkì ni pé: ọkọ̀ mi ń mu ọ́ìlì, ṣé kí n ta á ni? Ìdáhùn wa ni pé mímu ọ́ìlì nìkan kọ́ ló ń pa ẹ́ńjìnì. Àìmọ iye tó ń mu ló ń pa á.

Bí ẹ́ńjìnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ́ńjìnì yìí ní ọdún 1893. Ní ọdún 1897 ni èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde ní ìlú Augsburg. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù máa ń lo púlọ́ọ̀gì láti fi tanná sí epo. Ti dísẹ́ẹ̀lì kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni písítìnì rẹ̀ máa ń fún pọ̀ nínú ṣílíńdà, nǹkan bí ìlọ́po 20 nínú àwọn ẹ́ńjìnì àtijọ́, títí tí ooru rẹ̀ yóò fi kọjá 500 lórí ìwọ̀n Celsius. Nígbà náà ni nọ́súlù yóò fọ́n epo sí i, epo náà yóò sì gbaná fúnra rẹ̀.

Nítorí agbára yìí ni wọ́n ṣe máa ń fi irin tó nípọn rọ ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì, ìdí nìyí tó fi máa ń pẹ́. Awakọ̀ takisí kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, Gregorios Sachinidis, wa Mercedes-Benz 240D tí wọ́n ṣe ní ọdún 1976 fún 4,600,000 kìlómítà, kí ó tó fi ta ilé iṣẹ́ náà lọ́rẹ ní ọdún 2004. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo ló rin gbogbo ìrìn náà. Ó máa ń yọ èyí tó bá rẹ̀, yóò sì fi òmíràn sí i. Ìtọ́jú ló gbé ọkọ̀ náà débẹ̀, kì í ṣe orúkọ ara rẹ̀ nìkan.

Ibo ni ọ́ìlì ń gbà lọ?

Kò sí ẹ́ńjìnì tí kì í mu ọ́ìlì rárá. Ọ́ìlì ló ń ta sí ara ṣílíńdà kí irin má baà máa ha irin, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò sì jó. Ìwé ìtọ́ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan tilẹ̀ gbà pé lítà kan lè lọ láàárín 1,000 kìlómítà kí ó má sì jẹ́ àìsàn. Bí ọkọ̀ bá ti dàgbà, ríìngì tó wà lára písítìnì yóò jẹ, síìlì fáàfù yóò le bí igi, gásìkẹ́ẹ̀tì yóò máa jò, tọ́bò pàápàá lè máa fa ọ́ìlì.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ẹ́ńjìnì bá gba lítà márùn-ún, tó sì ń mu lítà kan ní 1,000 kìlómítà, awakọ̀ tí kò bá wo géèjì títí ọkọ̀ fi rin 3,000 kìlómítà ń fi lítà méjì péré ṣiṣẹ́ lítà márùn-ún. Irin yóò gbóná, béárìn yóò jó, ẹ́ńjìnì yóò sì nọ́ọ̀kì. Àwọn ènìyàn yóò wá sọ pé ọkọ̀ náà ti gbó, bẹ́ẹ̀ ni lítà mẹ́ta ọ́ìlì ló pa á.

Èéfín máa ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀. Èyí tó bá ní àwọ̀ búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ló ń jó. Dúdú ń sọ pé epo pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ kéré jù. Funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná lè jẹ́ omi tàbí epo tí kò jóná. Ní ti ọ́ìlì tó dúdú kété lẹ́yìn tí a pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù: ti dísẹ́ẹ̀lì ni bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí á bẹ̀rù ni kí ọ́ìlì máa pọ̀ sí i lórí géèjì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bu kún un. Ẹlòmíràn yóò máa dúpẹ́ pé ọkọ̀ òun kò mu ọ́ìlì mọ́. Epo dísẹ́ẹ̀lì ló ń ṣàn wọlé láti ẹnu nọ́súlù tó ti bàjẹ́, ó sì ń la ọ́ìlì bí omi ṣe ń la ọbẹ̀. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ló wọ̀ ọ́. Méjèèjì burú ju mímu ọ́ìlì lọ.

Epo tí à ń rà ní Port Harcourt

Ìlú epo ni ìlú yìí. Ní ọdún 1965 ni ilé ìfọpo àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Alesa-Eleme, èkejì sì tẹ̀ lé e ní 1989. Síbẹ̀, inú igbó ni wọ́n ti ń se èyí tí wọ́n ń pè ní kpo-fire. Láti ìparí ọdún 2016 ni àwọn ará ìlú ti kígbe nípa ẹ̀gbin èéfín dúdú tó ń bà sórí fèrèsé àti aṣọ wọn. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2022, iná sọ ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Ohaji-Egbema, ní Ìpínlẹ̀ Imo, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Epo tí a sè nínú àgbá kò ní ìwọ̀n tó dájú. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ máa ń ba nọ́súlù àti pọ́ǹpù jẹ́, imí ọjọ́ inú epo sì máa ń di áásíìdì tó ń jẹ irin. Nítorí imí ọjọ́ yìí ni Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire ṣe fohùn ṣọ̀kan ní Oṣù Kejìlá ọdún 2016 pé kí wọ́n dín in kù láti 3,000 sí 50 nínú mílíọ̀nù kan. Owó tí a rò pé a jèrè lórí epo pọ́ọ́kú, a ó fi ra nọ́súlù ní Ikoku.

Ohun tó yẹ kí á ṣe

(i) Kí á máa wo géèjì láràárọ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí á tó sáná sí ọkọ̀.

(ii) Kí á ní ìwé kékeré nínú ọkọ̀. Kí á kọ iye kìlómítà àti iye ọ́ìlì tí a bù sí i. Bí ó bá ń mu ìdajì lítà ní 1,000 kìlómítà, tí kò yí padà lóṣooṣù, ọkọ̀ náà ṣì lè sìn wá. Bí ó bá fò láti ìdajì lítà sí lítà kan àbọ̀ láàárín oṣù méjì, kí á má ṣe gbé e rin ọ̀nà jíjìn kí mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò.

(iii) Bíbu kún ọ́ìlì kì í ṣe pípààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì tuntun tí a bù sórí ìdọ̀tí, ìdọ̀tí náà ni yóò dà. Kí á pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ ní àsìkò.

(iv) Kí á ka ara ike ọ́ìlì. Lẹ́yìn orúkọ API, lẹ́tà C ló wà fún dísẹ́ẹ̀lì, S wà fún bẹntiróòlù.

(v) Kí á má ṣe bù ú kọjá àmì òkè. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù lè gba ibi afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì, kí ẹ́ńjìnì máa fi í sáré fúnra rẹ̀, kí ó má sì kú bí a tilẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́.

(vi) Kí á tó tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, kí á kọ́kọ́ wo ohun tí owó rẹ̀ kéré: gásìkẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá tí ẹ́ńjìnì fi ń mí, àti síìlì fáàfù. Ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ tí a fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ orí tirẹ̀, ẹni tó tà á kò sì bá a rìn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí ẹ bá délé ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ bá bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín tó ń wakọ̀ ra ìwé kékeré yẹn, kí ẹ sì bá wọn kọ ìlà àkọ́kọ́ sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.