Oògùn tó mọ ọ̀nà ẹ̀dọ̀ ń bọ̀: Ẹlẹ́jẹ̀ ríru, má wojú òjò da omi agbada nù

Lọ́dún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ kì í dẹrùn fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí oògùn rẹ̀ tán, tí kẹ́mísìtì sì ti ìlẹ̀kùn. Yálà ọmọ Olóbùú ni o tàbí ọmọ Olúfọ́n, àìsàn yìí kò mọ ààlà ilẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá ti yòrò nínú ikùn, ẹ̀jẹ̀ á gbé e yí gbogbo ara ká, agbára rẹ̀ á sì tán láàrin ọjọ́ díẹ̀. Bí èèyàn bá dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ á tún ru sókè láìsí ìrora kankan, títí tí rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn ọkàn yóò fi dé.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi ń wá oògùn tí yóò lọ tààrà síbi tí iṣẹ́ wà, bí lẹ́tà tó ní àdírẹ́sì. Ọ̀kan ti jáde, inclisiran, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Yúróòpù lọ́dún 2020 àti ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021. Wọ́n so irú ṣúgà kan mọ́ ọn tí ẹ̀dọ̀ máa ń dá mọ̀. Bí wọ́n bá gún un sábẹ́ awọ, ẹ̀dọ̀ á fà á wọlé, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa dín ọ̀rá búburú tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kù. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an ń bọ̀ lẹ́yìn. Zilebesiran lorúkọ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà ló ń bá lọ. Èsì ìwádìí tó jáde lọ́dún 2024 fi hàn pé abẹ́rẹ́ kan lè mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìwádìí ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Kò tíì dé kẹ́mísìtì.

Àwọn àgbà ní kí a má wojú òjò da omi inú agbada nù. Oògùn tó wà nílẹ̀ ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2019, Dókítà Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí jáde lórí aláwọ̀ dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá lo amlodipine pọ̀ mọ́ oògùn kejì, ó ń kápá ẹ̀jẹ̀ ríru dáadáa. Amlodipine yìí kò sì ṣòro rí ní kẹ́mísìtì wa.

Nítorí náà, kí àgbàlagbà máa lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kó má dá oògùn dúró nítorí pé ara yá, kó má sì yá ti ẹlòmíràn lò. Kí oògùn tó tán pátápátá ni kó ti ra òmíràn sílé, nítorí kónílé-ó-gbélé kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Bí nǹkan bá sì yíwọ́, ilé ìwòsàn ńlá ti UNIOSUN ní Òṣogbo kò jìnnà sí ìlú méjèèjì.