Nígbà Tí Líǹkì Bá Gbé Fọ́ọ̀mù Lọ

Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan l'Ébùúté Ìkòròdú, mo jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù ilé-ìwé gíga. Ó ti lo bí ogójì ìṣẹ́jú nídìí ẹ̀. Ló bá rí líǹkì kan tí wọ́n fàlà sí nídìí, tó ní ká wá wo irú ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé mìíì gba ipò fọ́ọ̀mù. Kó tó padà sẹ́yìn, gbogbo àyè tó ti kọ ọ̀rọ̀ sí ti ṣófo.

"Bùọ̀dá, gbogbo ẹ̀ ti lọ o."

Ọmọ náà ò jẹ̀bi. Bí ẹni tó kọ ìkànnì ò bá sọ nǹkan kan, orí táàbù tí ẹ wà gan-an ni líǹkì máa ń ṣí sí. Tó bá fẹ́ kó ṣí sọ́tọ̀, á fi target="_blank" sínú kóòdù rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ṣe fọ́ọ̀mù gígùn máa rántí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀yin náà ní agbára tiyín. Ẹ di Ctrl mú kí ẹ tó tẹ líǹkì, táàbù tuntun ló máa ṣí, fọ́ọ̀mù yín ò ní kúrò níbi tó wà. Kẹ̀kẹ́ kékeré àárín máòsì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ líǹkì náà, kí ẹ má tètè gbé e, kí ẹ wá mú "Open in new tab". Bí ẹ bá sì ṣèèṣì pa táàbù dé, Ctrl, Shift àti T máa ṣí i padà, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e pé ohun tí ẹ kọ ṣì wà níbẹ̀.

Ewu kan tún wà tó bà mí lẹ́rù ju fọ́ọ̀mù lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, táàbù tí _blank ṣí lè na ọwọ́ padà sí táàbù tó bí i, kó sì yí i sí ojú ewé mìíì. Ẹ fi ojú ewé báǹkì yín sílẹ̀, ẹ lọ ka nǹkan lórí táàbù kejì. Ẹ padà dé, wọ́n ní kí ẹ tún fi páásíwọ́ọ̀dù wọlé. Ó jọ ti báǹkì, kì í ṣe ti báǹkì. Aza Raskin, tó ń ṣiṣẹ́ lórí bráwúsà Firefox nígbà náà, ti kìlọ̀ lọ́dún 2010 nípa táàbù tó ń pa ojú dà lẹ́yìn ẹni. Àwọn tó ń kọ ìkànnì wá ń fi rel="noopener" ti ilẹ̀kùn tí táàbù tuntun ń gbà na ọwọ́ padà, títí Firefox 79 lọ́dún 2020 àti Chrome 88 lọ́dún 2021 fi ń tì í fúnra wọn. Bráwúsà àtijọ́ tí wọn ò sọ di tuntun ò ní ààbò yẹn. Torí náà, kí ẹ tó kọ páásíwọ́ọ̀dù, ẹ ka àdírẹ́sì tó wà lókè.

A bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù náà lákọ̀tun. Nígbà tó dé ìdí líǹkì yẹn, ó gbé ìka òsì lé Ctrl, ó wojú mi, ó wá tẹ̀ ẹ́. Táàbù kejì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́.