Ẹ̀pà yíyan aláìníyọ̀: ẹ̀bùn ọdún fún òbí tó ń ṣọ́ ẹnu

Bí ọdún Kérésìmesì bá ti ń kanlẹ̀kùn, ṣinṣín àti bisikíìtì ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń dì lọ fún òbí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi ṣúgà àti iyọ̀ ṣeré. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn kò kún ṣíbí ìmutíì kan.

Ẹ̀pà yíyan tí kò ní iyọ̀ rọrùn láti ṣe nílé. Ẹ kọ́kọ́ ṣà á dáadáa. Èyí tó bá ti bu tàbí tó ti hunjọ, ẹ dà á nù, nítorí pé májèlé aflatoxin tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lè wà nínú rẹ̀, iná kì í sì í pa á tán.

Ẹ gbé iyanrìn mímọ́ kaná. Bó bá gbóná, ẹ da ẹ̀pà sí i, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró títí èèpo rẹ̀ yóò fi máa bó. Ẹ fi ajọ̀ jọ iyanrìn kúrò, kí ẹ sì fẹ́ èèpo dànù. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ, torí ooru tó bá há sínú ìgò ni yóò mú un rọ̀.

Ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan ti tó, nítorí ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀pà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba ẹ̀pà, ẹ má fún un rárá. Ìlera loògùn ọrọ̀.