Ooru Abẹ́ Agbada: Bí Mólékù Kan Ṣe Ń Sọ Ooru Di Iná Mànàmáná

Ẹni tí ó bá gba Ẹ̀rúnmu kọjá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá lẹ́bàá Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, nígbà tí àwọn ìyá wa bá ń yan gàárì, yóò rí bí wọ́n ti ń fi igbá yí i sọ́tùn-ún sósì nínú agbada, tí iná igi ń jó geere lábẹ́ rẹ̀, tí èéfín ń ta wọ́n lójú. Ohun tí kò ní í rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú ooru tí igi náà mú wá kò dé ara gàárì rárá, atẹ́gùn ni ó gbé e lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, tí iná ìjọba kò sí, ẹni tí ó ti ojúmọ́ dáná yóò máa wá tọ́ọ̀ṣì kiri nínú òkùnkùn.

Ǹjẹ́ a lè rí iná mànàmáná yọ nínú ooru tí ń ṣòfò bẹ́ẹ̀? A lè rí i, ìmọ̀ náà kò sì jẹ́ tuntun. Ní ọdún 1821, ní ìlú Berlin, Thomas Seebeck so irin oríṣi méjì pọ̀ lórí-nídìí, ó mú kí ojú ìsopọ̀ kan gbóná, ó jẹ́ kí èkejì tutù, ó sì rí i pé abẹ́rẹ́ atọ́ka-àríwá tí ó wà nítòsí yí padà. Òun fúnra rẹ̀ rò pé agbára òòfà ni, àwọn tí ó tẹ̀lé e ni ó fi hàn pé iná mànàmáná ni ó ń ṣàn nínú irin náà. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú: àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù inú irin, tí ń gbé iná mànàmáná, kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ níbi tí ó gbóná, ń ṣe ni wọ́n ń ya lọ sí apá tí ó tutù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gbígbóná àti títutù ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ooru nìkan, nítorí omi kì í ṣàn lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú.

Wọ́n ti lo ìmọ̀ yìí nínú ààrò: ní Kintampo, ní orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn olùwádìí ti fún àwọn aláboyún ní ààrò BioLite, èyí tí ooru rẹ̀ ń pèsè iná mànàmáná tí ń yí fáànù kékeré inú rẹ̀, kí atẹ́gùn lè ran iná lọ́wọ́, kí èéfín sì dín kù.

Afárá tí ojú kò lè rí

Ìṣòro irin ni pé èyí tí ó bá ń gbé iná mànàmáná dáadáa ni ó tún ń gbé ooru dáadáa, kì í sì í pẹ́ tí apá tí ó tutù yóò fi gbóná, tí ìyàtọ̀ náà yóò sì parẹ́. Ohun tí à ń wá dà bí asẹ́ gàárì, tí ń jẹ́ kí èyí tí ó kúnná kọjá, tí ó sì ń dá pàǹtí dúró: kí ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù kọjá, kí ooru má lè kọjá. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi yíjú sí mólékù, ìyẹn átọ́mù mélòó kan tí ó so pọ̀, nítorí wọ́n lè tún un tò bí wọ́n ti fẹ́.

Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ní ọdún 2007, Pramod Reddy, Arun Majumdar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley fi ṣóńṣó wúrà kan ojú wúrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ti mú gbóná, tí wọ́n sì ti fi mólékù bò lójú, wọ́n wá rọra fà á kúrò, títí mólékù kan fi há sáàárín wúrà méjèèjì bí afárá. Imí-ọjọ́ tí ó wà ní orí àti ìdí mólékù náà ni ó fi lẹ̀ mọ́ wúrà. Nígbà tí wọ́n wọn agbára iná tí ó jáde, wọ́n rí 8.7 nínú ìdá mílíọ̀nù fóòtì (volt) kan fún ìyàtọ̀ dígírì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n lo mólékù tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gòkè sí 12.9, lẹ́yìn náà sí 14.2.

Ibi tí ọ̀nà ṣì jìn dé

Bí ìyàtọ̀ ooru bá jẹ́ 30 dígírì, mólékù àkọ́kọ́ yẹn gbọ́dọ̀ lé ní 5,700, tí a tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí wọ́n tó ní fóòtì 1.5 tí bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ní, iná tí yóò sì máa ṣàn nínú wọn yóò ṣì kéré jọjọ. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Iṣẹ́ yìí kò tíì kúrò nínú ilé ìwádìí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tà á fún wa bí ẹni pé ó ti dé ọjà.

Síbẹ̀, ó yẹ kí àwọn ọmọ Ẹ̀rúnmu tí ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé wọn. Ìyá tí ó jókòó ti agbada, tí iná ń jó níwájú rẹ̀, tí atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ ń fẹ́ sí i lẹ́yìn, àárín gbígbóná àti títutù yẹn gan-an ni ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Afárá tí yóò so méjèèjì pọ̀ ni kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.