Ẹ Jẹ́ Kí Sámúẹ́lì Padà Lọ Dùbúlẹ̀: Ètò Ìpàdé Ìyàsọ́tọ̀ Fún Àwọn Olórí Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe ara mi kí n tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, wọ́n ní kí n ṣètò ìpàdé ìyàsọ́tọ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní rìtíríìtì, fún àwọn olórí ẹgbẹ́ Kristẹni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Mo ṣe é bí mo ti bá a lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú mi. Agogo márùn-ún ìdájí ni a ń jí wọn, ó sì ń di ọ̀gànjọ́ òru kí wọ́n tó sùn. Oníwàásù méje ni mo pè. A kọ́ wọn bí a ti í darí ìpàdé, bí a ti í tọ́jú owó ẹgbẹ́, bí a ti í lé ẹ̀mí èṣù jáde, àní bí a ti í di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ní òru kejì, mo jáde lọ wo jẹnẹrétọ̀, mo sì bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn ilé ìdáná, ó jókòó lórí igi. Òun ni olórí àdúrà nínú ẹgbẹ́ wọn. Bí ó bá ń gbàdúrà, ilẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Mo fẹ́ bá a wí pé kí ni ó ń ṣe níta. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú sí mi, sà. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti gbàdúrà kẹ́yìn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ ohùn mi. Bí mo bá dá wà, mi ò ní nǹkan kan láti bá Ọlọ́run sọ. Ṣé mo tilẹ̀ ti di àtúnbí báyìí?"

Kí n tó la ẹnu, agogo lù. Oníwàásù tí ó kàn ti dé. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, mo ní, "Jẹ́ ká wọlé, ọmọ mi, a máa sọ̀rọ̀ tó bá yá." A kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ètò ti kún jù. Nígbà tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, mo pàdé rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo béèrè ìjọ tí ó ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti fi nǹkan wọ̀nyẹn sílẹ̀ ní kámpùsì. Mo ṣì ń gbàdúrà fún un títí di òní.

Ẹ ṣí 1 Sámúẹ́lì orí 3. Ọmọ náà ń ṣe ìránṣẹ́ lọ́dọ̀ Élì, inú tẹ́ńpìlì ni ó ń sùn, òun ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn ilé Olúwa ní òwúrọ̀. Síbẹ̀, ẹsẹ 7 jẹ́ kí a mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ kò ì tíì ní ìmọ̀ Olúwa. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpàdé òun àti Ọlọ́run ni kò tíì wáyé. Nígbà tí Olúwa pè é, ìgbà mẹ́ta ni ó sáré tọ Élì lọ, nítorí ohùn Élì ni ó mọ̀. Àwa oníwàásù máa ń bú Élì pé kò tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ yẹn, ó ṣe ohun tí èmi kò ṣe. Kò wàásù fún Sámúẹ́lì, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ara rẹ̀ di ohùn Ọlọ́run. Ó ní kí ó padà lọ dùbúlẹ̀, ó sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi dáhùn. Ẹni tí ó bá ń ṣètò ìpàdé ìyàsọ́tọ̀ fún àwọn olórí ọ̀dọ́, iṣẹ́ Élì yìí ni iṣẹ́ rẹ̀.

N kò fojú kéré àwọn ẹgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. A dá NIFES sílẹ̀ ní 1968, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì jẹ àǹfààní rẹ̀. Ní 1973, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga 15 tọ W. F. Kumuyi lọ, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó nígbà náà, pé kí ó máa kọ́ àwọn ní Bíbélì. Láti ibẹ̀ ni ìjọ Deeper Life ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Bíbélì ni wọ́n wá lọ, kì í ṣe oyè. Lóde òní, oyè ti pọ̀ ju ọmọ ẹgbẹ́ lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n ń pè ní Pápá! Ta ni Pápá yóò wá sọ fún pé òun kò lè gbàdúrà mọ́?

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ṣètò nísinsìnyí, ẹnu ọ̀nà ni a ti ń gba oyè lọ́wọ́ wọn. Orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n nìkan ni a ń kọ sí àyà wọn. Kò sí èyí tí yóò darí orin, kò sí èyí tí yóò gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà láti inú ìjọ ni ó ń ṣe é. Àwọn kan sọ pé ìfàsẹ́yìn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí.

Àkókò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ máa ń gbé e sí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yan olórí tuntun. Lójú tèmi, àárín sáà ni ó dára jù, nígbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí tí ìkòkò ti gbẹ. Nínú Máàkù 6, ìgbà tí àwọn àpọ́sítélì ti iṣẹ́ ìwàásù dé ni Jésù tó pè wọ́n sí apá kan láti sinmi. Ẹ má sì mú ọjọ́ títí ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi gbé ètò ìdánwò jáde; a kò ì tíì gbàgbé 2022, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù 8.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹ fún wọn lóúnjẹ. Nínú 1 Àwọn Ọba 19, nígbà tí ó rẹ Èlíjà títí ó fi ń tọrọ ikú, oorun àti oúnjẹ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni áńgẹ́lì sì jí i pé kí ó jẹun. Ẹ̀kọ́ méjì lóòjọ́ ti tó. Ìyókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé Máàkù, orí rẹ̀ kò ju 16 lọ, kí olúkúlùkù sì fi wákàtí mẹ́ta dá wà lọ́sàn-án láìsí fóònù. Ẹ yan àgbà kan fún ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, kí wọ́n sì jókòó níbi tí ojú ti lè tó wọn. Àgbà tí ó lè dákẹ́ ni kí ẹ wá o. Àwọn tí ó lè sọ̀rọ̀ kò ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sọ pé ọmọ yín ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́, kí ni ó tún ń wá lọ. Ẹ fún un lówó ọkọ̀, kí ó sì fi ojúmọmọ rìn. Bí ó bá dé, ẹ má bi í bóyá ó rí ìran. Ẹ bi í ní ohun tí ó kà.

Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, arábìnrin kan, olórí akọrin, wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Pásítọ̀, mo ti ka orí tí ẹ ní ká kà, ó sì ku wákàtí méjì. Kí ni kí n ṣe báyìí, sà?" Mo ní, "Padà lọ, ọmọ mi, kí o tún un kà." Ó lọ, ó padà wá, mo tún dá a padà. Lẹ́yìn èyí, n kò rí i mọ́. Nígbà tí agogo oúnjẹ alẹ́ lù, àyè rẹ̀ ṣófo nídìí tábìlì. Mo sọ fún àwọn alásè pé kí wọ́n bu tirẹ̀ pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ pè é.